Ìkòkò tí Rísíkátù Dí

Ìkòkò irin kan wà lórí àpótí nínú pálọ̀ mi ní Bódìjà. Ó ti dípẹtà, wọ́n sì fi amọ̀ dí etí ìdérí rẹ̀ yíká. Láti ìgbà tí mo ti sin ìyàwó mi, gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló máa ń wò ó. Àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kì í lè dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa, tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ọbẹ̀ ló wà nínú ìkòkò yẹn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti pa mí kẹ́yìn. Mo ní iṣẹ́ ayé mi ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, torí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe, wọn kò sì rí ẹni bá wọn sọ òtítọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé. Òtítọ́ tí mo ní kò pọ̀, owú ló sì kún inú rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ kábọ́ọ̀nù ni mo ṣe. Kábọ́ọ̀nù ni ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà àti pílásítíìkì kí wọ́n lè lágbára. Rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara igi wá funfun ni, ó sì rọ̀. Bí ẹ bá fi òun nìkan ṣe táyà, táyà náà kò ní ti Dúgbẹ̀ dé Ìwó Road kó tó jẹ tán. Dúdú tí ẹ ń rí lára táyà kì í ṣe ọ̀dà. Òun ni egungun rẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn. Mo parí ní polí, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó tó jẹun. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, lẹ́yìn Ring Road, ti Alhájì kan tí ìdílé rẹ̀ ti wà n'Íbàdàn kí ọ̀dà tó dé ojú títì. Rọ́bà ọkọ̀ la ń ṣe níbẹ̀: èyí tí ẹ́ńjìnì máa ń jókòó lé, èyí tó ń gbé omi gbígbóná lọ sínú rediétọ̀, àti àwọn kéékèèké tí àwọn mẹkáníìkì máa ń wá rà.

Àpò kábọ́ọ̀nù láti òkè òkun la ń lò. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, náírà ti di ohun tí kò lè gbé àpò náà wálé mọ́. Alhájì pe ọ̀gá wa. Mo wà níbẹ̀.

"Ajíbóyè, kí ni àwọn òyìnbó ń sun kí wọ́n tó rí nǹkan dúdú yìí?"

Ọ̀gá ní, "Epo ni, Alhájì."

"Epo wọ́n. Àwa náà ní ohun tí a lè sun. Èèpo ekùrọ́ kún gbogbo Àpáta, àwọn èèyàn ń fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Lọ sun ún fún mi."

Bí ìléru wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ará Èkìtì ni Ọ̀gá Ajíbóyè, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í bú èèyàn. Bó bá bínú, á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á máa fi etí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ nù ún. Bí ẹ bá ti rí i tó ń nu gíláàsì, kí ẹ yáa wá ibi gbà. Àwa mẹ́ta ló kọ́kọ́ kó sábẹ́ rẹ̀: èmi, Súlè tó jẹ́ ọmọ Ẹlẹ́yẹlé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti ọmọbìnrin kan tó wá láti polí bíi tèmi, ọmọ ilé Mùsùlùmí kan n'Íbàdàn, tó ń jẹ́ Rísíkátù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí láìsí i ẹ kò ní mọ ohun tí mo ń jowú lé lórí. A óò rún èèpo ekùrọ́ àti èèpo àgbọn, a óò sá a títí yóò fi gbẹ. A óò kó o sínú ìkòkò irin, a óò dé e, a óò fi amọ̀ dí etí ìdérí náà kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ihò kékeré kan péré la máa ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ìkòkò bá gbóná nínú ìléru, gáàsì inú èèpo á máa jáde níbẹ̀, á máa jó bí iná àtùpà. Bí iná kékeré yẹn bá kú, a óò fi irin gígùn gbé amọ̀ tútù dí ihò náà. Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná, eérú lẹ ó bá nínú ìkòkò.

Kí ìkòkò tó wọ iná, ẹni tó dí i á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sára amọ̀ náà nígbà tó ṣì tutù. Iná á sun amọ̀ náà le, àtàǹpàkò á sì wà níbẹ̀ bí èdìdì. Òfin Ọ̀gá ni. Ó ní ẹni tó bá dí ìkòkò ló mọ bí èèpo rẹ̀ ṣe gbẹ tó, òun ló mọ ìgbà tí iná ẹnu ihò kú, òun náà ló lè mọ ìgbà tó ṣeé ṣí. Nítorí náà, ẹni tó dí i ni yóò ṣí i. Ẹni tí kò dí i kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Kí n tẹ àtàǹpàkò mi sára amọ̀ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mi ò fẹ́ oyè. Mi ò fẹ́ ọ́fíìsì.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kan amọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èèpo la ń ṣà. A ó ṣà á, á wá dúró lé wa lórí, á mú ẹyọ kan tí ìhá ṣì lẹ̀ mọ́ lára, á gbé e sókè. "Ta ló ni èyí?" Ẹni tó ni ín á tún gbogbo tirẹ̀ ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti lọ kábọ́ọ̀nù tán, á mú díẹ̀ sí àtàǹpàkò, á fi ra ẹ̀yìn àwo funfun kan. "Bí kò bá tó tìróò, kò tó rọ́bà." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Bí ohun tó fi ra àwo bá ń ha ọwọ́ bí iyanrìn, á da gbogbo rẹ̀ nù lójú wa.

Ọ̀gá ló kọ́ wa pé dúdú kan yàtọ̀ sí dúdú. Ó ní kábọ́ọ̀nù kì í wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń so mọ́ra bí ẹyìn ṣe ń wà lára ìdì, rọ́bà á sì wọ àárín wọn, á dì wọ́n mú. Kábọ́ọ̀nù tí ìdì rẹ̀ bá dára ni rọ́bà rẹ̀ máa ń lágbára. Ó ní nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan tún ni ìpele wà, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí iná kò bá mú un dáadáa, àwọn ìpele yẹn á wà ní jágbajàgba bí aṣọ tí wọ́n jù sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá mú un pẹ́, láìsí afẹ́fẹ́, wọ́n á tò bí aṣọ tí ìyálé ilé ká sínú àpótí. Èyí tó bá tò ni ooru ẹ́ńjìnì kì í tètè bàjẹ́. "Iná tó sun ún lẹ́ẹ̀kan dáadáa," ó ní, "ni kò ní jẹ́ kí iná mìíràn rí i gbé ṣe."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo lè kà á fún yín láìdúró. Rísíkátù kì í kà á. Á kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìléru, á gbé etí sí ìkòkò tí wọ́n gbé jáde pé kó tutù, torí irin máa ń dún bó bá ń tutù, tá, tá, tá. Ó ní òun máa ń gbọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dákẹ́. Èmi náà gbé etí sí i. Ariwo ọkọ̀ Ring Road ni mo gbọ́.

Òun ni Ọ̀gá kọ́kọ́ fún ní amọ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣí ìkòkò àkọ́kọ́, ó kọ́kọ́ kán omi sórí ìdérí. Bí omi bá hó, kò tíì yá. Bí ó bá gbẹ lójú yín, kò tíì yá. Ìgbà tí omi bá jókòó lórí irin bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, ìgbà náà lẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ṣíṣí i. Omi jókòó. Kò ṣí i síbẹ̀. Ó gbé etí sí i, ó ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì ó ṣí i. Wọ́n lọ ohun inú rẹ̀, Ọ̀gá mú díẹ̀, ó fi ra ẹ̀yìn àwo funfun náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Tìróò nìyí," ó ní. "Àṣàkẹ́, tìróò nìyí."

Mo ti fẹ́ Rísíkátù nígbà náà. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ kì í ṣe ara ìtàn iṣẹ́, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Àmọ́ Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi náà sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn wa ní Àgbowó bá ti wà ní títì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó, tàbí tí ẹ máa ní, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn kó gbọ́ oríkì yẹn lẹ́nu ọkùnrin mìíràn lójú ọ̀sán, níwájú òṣìṣẹ́, nítorí ìyẹ̀fun dúdú.

Nílé, mo bi í bí Ọ̀gá ṣe mọ oríkì rẹ̀.

Ó ní, "Ó bi ìyá mi nígbà tí wọ́n wá kí mi níbi iṣẹ́."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá Táyọ̀, ó ti lè tó bàbá mi lọ́jọ́ orí." Ó wò mí. "Tàbí kí n sọ fún un pé kó máa fi oríkì yín náà pè yín?"

Táyọ̀ ni ọmọ wa àkọ́kọ́. Ohun tí mi ò lè sọ fún un ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́.

Èmi ni wọ́n gbé lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìpò, níbi tí rólà ńlá méjì ti ń yí, tí a ti ń lọ kábọ́ọ̀nù mọ́ rọ́bà títí rọ́bà funfun yóò fi dúdú. Iṣẹ́ gidi ni. Ó lè gba ọwọ́ lára èèyàn bó bá ṣe àìfiyèsí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó mi bá ti inú iná mú jáde ni mò ń pò. Súlè kò jẹ́ kí n gbàgbé.

"Ìdòwú, ìyàwó ẹ ló ń dáná nílé, òun náà ló ń dáná níbi iṣẹ́. Ìwọ, ṣé o kàn ń ro ọkà ni?"

"Fi mí sílẹ̀, Súlè."

"Wò ó bó ṣe ń fajú ro. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ṣí bọ́tìnnì ẹ ká wo àyà ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rísíkátù náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, dúdú lẹ̀ mọ́ ọn ní imú. Bí mo bá ti dijú, ojú náà ni mo máa ń rí báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà dé. Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ni ní yunifásítì, ó máa ń wa ọkọ̀ ìjàpá aláwọ̀ yẹ́lò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í tì. Ó gbọ́ pé à ń fi èèpo ekùrọ́ ṣe kábọ́ọ̀nù, ó wá wò ó. Ó bu díẹ̀ nínú ti Rísíkátù, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè òkun tó ní ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Fọ́tò rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, gbogbo wa ló pagbo yí i ká. Ìdì ẹyìn ni lóòótọ́, bí Ọ̀gá ṣe wí. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì, ó nù ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe ìbínú.

Dókítà ní àwọn kan lókè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tí àwọn ìpele rẹ̀ ká bí ẹní, tó sì ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, tó kéré débi pé kò sí ojú tó lè rí i. Ó ní bí wọ́n bá pò ó mọ́ pílásítíìkì, ọ̀tọ̀ ni agbára tó máa ní, ọ̀tọ̀ sì ni bó ṣe máa fara da ooru.

Rísíkátù ní, "Dókítà, ta ló dí ìkòkò tiwọn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Rísì, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wọ́n gan-an nìyẹn." Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ìjàpá yẹ́lò má dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

Mi ò rò ó sí ohun tí ẹ ń rò. Ìyàwó mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, Dókítà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owú mi kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń sọ̀rọ̀ nípa iná, wọ́n máa ń bára wọn parí gbólóhùn. Mo ti fẹ́ ẹ fún ọdún díẹ̀, èmi àti òun kò tíì bára wa parí gbólóhùn kan rí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ìkòkò kan tó fẹ́ wọ ìléru. Àtàǹpàkò méjì ló wà lára amọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo mọ ti ìyàwó mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo dúró títí a fi délé.

"Ta ló ni èkejì?"

"Ti Dókítà ni. Òun ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru wá, Ọ̀gá sì ní kí ó tẹ tirẹ̀ sí i."

"Ṣé èmi kò ní àtàǹpàkò ni?"

Ó ń fọ abọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó yíjú sí mi, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ní in. Èmi ni ẹ tẹ̀ ẹ́ sí."

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi.

Ìgbà tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀, Rísíkátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ wa kejì, Ọ̀gá sì wà ní Èkìtì, ó ń sin ìyá rẹ̀. Rísíkátù ti dí ìkòkò kan, ó ti wọ iná, wọ́n ti gbé e jáde láti tutù, kí ìrọbí tó mú un. Ìkòkò náà wà níbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ lára amọ̀. Àwọn onímọ́tò Ìwó Road sì ń béèrè rọ́bà ẹ́ńjìnì. Alhájì ti ní bí tiwa kò bá fara da ooru ẹ́ńjìnì wọn, òun á ti ìléru pa. Mánéjà wa, àna Alhájì, wọlé pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Ẹ ṣí ìkòkò yẹn. Ó ti tutù."

Mo kán omi sí i. Ó gbẹ lójú mi. Mo ní, "Sà, kò tíì yá. Lóòótọ́ ara rẹ̀ ti ń tutù, àmọ́ inú rẹ̀ kò tíì tutù."

"Ṣé ìwọ lo dí i?"

Mo tún kán omi sí i.

"Mo ní ṣé ìwọ lo dí i?"

"Rárá, sà."

"Ṣebí òfin yín ni pé ẹni tí kò dí i kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀? Wò ó, Ìdòwú, má fi òfin tí kò kàn ẹ́ dá mi dúró."

Súlè wo ilẹ̀. Mánéjà fúnra rẹ̀ ló mú òòlù, ó fọ́ amọ̀ náà. Ó rí kábọ́ọ̀nù dúdú, ó dára, kò pupa, kò rú èéfín. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti purọ́. Wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n gbé e sínú ilé ìkẹ́rùsí pẹ̀lú rọ́bà àti imí ọjọ́ tí a fi ń mú rọ́bà le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kábọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ó sì ṣì gbóná nínú, máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú bí ọmọ tó ń mu ọmú. Kì í pariwo. Kì í jó ní gbangba. Ó lè wà nínú àpò di ọjọ́ kejì, kó máa gbóná nìṣó láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n fi agbára mú un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Súlè figbe ta. Imí ọjọ́ ti gba iná, ó ń jó ní àwọ̀ búlúù, òórùn rẹ̀ sì dé Challenge. Àwọn èèyàn ń sáré lọ sáré bọ̀ pẹ̀lú báàkẹ́tì omi. Mo ń pariwo pé kí wọ́n má da omi sí i, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò sí ẹni tó gbọ́. Àwọn ìkòkò wa wà nínú ilé yẹn. Mo fi aṣọ tútù bo imú, mo wọlé, mo ń wọ́ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpá rẹ̀ ṣì wà lápá mi.

Rísíkátù dé pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ló lọ pè é. Gbogbo wọn yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ọba dé.

"Ìyá Táyọ̀, kí la máa ṣe?"

Ó ní, "Ẹ má da omi sí i. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ fi bò ó."

Kíá, gbogbo wọn mú ṣọ́bìrì. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò tí mo wọ́ jáde, mo ń wúkọ́, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí èmi ti sọ títí ohùn mi fi há. Ó wá bá mi, ó mú apá mi, ó rí i bó ṣe jóná. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìkòkò lásán ni ẹ tìtorí rẹ̀ wọ inú iná?" Tirẹ̀ ni wọ́n.

Kò sí ẹni tó kú. Ilé ìkẹ́rùsí lọ, Mánéjà náà lọ. Alhájì bínú sí Mánéjà ju bó ṣe bínú sí ìléru, torí náà kò tì í pa. Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó rìn yí eérú náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti rẹ òun, òun á padà sí Èkìtì. Mo mọ̀ pé yóò fa ìléru lé ẹnì kan lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ lẹ́nu Súlè pé Ọ̀gá bi í ní ohun tí mo sọ fún Mánéjà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wá síbi iṣẹ́.

Rísíkátù ló fà á lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ìdòwú, o mọ iṣẹ́. O mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ yẹn, ìwọ nìkan ni òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀."

"Kí ló wá dé, Ọ̀gá?"

"Ojú ẹni tó ń dáná lo máa ń wò. Òun, iná ló ń wò."

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìléru oníná mànàmáná dé, ó ní àmì tó ń sọ ìwọ̀n ooru, kò sí ẹni tó ń kán omi sórí nǹkan mọ́. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ni wọ́n ń lò láti lé afẹ́fẹ́ ìta, amọ̀ kò wúlò mọ́. Dókítà gbé ìgò kan wá tó kéré bí ìgò oògùn ojú, ó ní kábọ́ọ̀nù tó ká bí ẹní ló wà nínú rẹ̀. Rísíkátù gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. "Ó dúdú bí tiwa," ó ní. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ìgò Dókítà kò jọ ọ́ lójú. Lẹ́yìn èyí ni rọ́bà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun kún Dúgbẹ̀, Alhájì sì darúgbó. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Èmi àti òun ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Challenge. Ó ń sun, mò ń pò, àwọn mẹkáníìkì ń rà. Ìkòkò tí mo wọ́ jáde nínú iná lọ́jọ́ yẹn la ń lò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ló ń po amọ̀ fún un. Òun ló ń tẹ àtàǹpàkò. Mi ò béèrè, òun náà kò fi lọ̀ mí. Mo rò pé ó ti gbàgbé.

Nígbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ó ní òun fẹ́ sun ẹyọ kan sí i. Mo ní kó sinmi. Ó ní sísun náà ni ìsinmi òun. Mo ṣa èèpo, mo po amọ̀, ó dí i. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i, kò wọlé dáadáa. Ó wò ó. Ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Bàbá Táyọ̀, ẹ wá tẹ tiyín sí i."

Mo ní, "Òfin ńkọ́?"

"Ọ̀gá ti fà á lé mi lọ́wọ́. Èmi ni òfin."

Mo tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ náà tutù. A gbé ìkòkò wọ iná, a gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ó kán omi sí i, ó gbé etí sí i, ó ní ó di ọ̀la. Ní ọ̀la, ọsibítù la lọ. Kò bá mi padà wálé.

Dókítà ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí, irun rẹ̀ ti funfun. Ó wá kí mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó sunkún. Ó sunkún jù mí lọ, nínú ilé mi, lórí àga mi, mo sì jókòó síwájú rẹ̀, mo ń jowú omi ojú rẹ̀. Èmi kò tíì lè sunkún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó rí ìkòkò náà.

"Bùọ̀dá Ìdòwú, ṣé ti Àǹtí Rísì nìyẹn? Ṣé ó ṣì wà ní dídí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó sún mọ́ etí àga. Ó ní ẹ̀rọ tí àwọn ní báyìí lè fi ìpele kọ̀ọ̀kan hàn, bó ṣe tò. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó ń sun ún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun á fi orúkọ rẹ̀ síwájú nínú ìwé tí òun bá kọ. Ohùn rẹ̀ ń dùn bó ṣe máa ń dùn nígbà tí òun àti ìyàwó mi bá ń sọ̀rọ̀ iná.

Mo ní, "Ẹni tó bá dí ìkòkò ni yóò ṣí i."

"Mo mọ òfin yẹn, Bùọ̀dá. Mo ti tẹ àtàǹpàkò rí." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àmọ́ ẹni tó dí èyí ti lọ. Bí a bá tẹ̀ lé òfin, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́ láyé."

Mo dìde. Mo gbé ìkòkò náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ní kó wá wo amọ̀ náà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe, ó sì tẹ̀ ba. Ó pẹ́ kó tó nàró.

"Méjì ni," ó ní.

"Méjì ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kejì ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dí i, ẹ kì í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀."

Mo gbé ìkòkò náà padà sórí àpótí.